Pẹ́dàlì Apá Òsì ní Àgbẹ̀dẹ Ògúnrónbí

Ní ìlú Ìdógbà, láyé ìgbà tí kẹ̀kẹ́ ológeere tó wà níbẹ̀ kò ju méjì lọ, alágbẹ̀dẹ kan wà tó ń jẹ́ Ògúnrónbí. Òun ni olórí àgbẹ̀dẹ ilé wọn. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, irun orí rẹ̀ ti funfun, ṣùgbọ́n bó bá gbé ọmọ owú sókè tó sọ ọ́ kalẹ̀, àwọn tó wà lójúde yóò mọ̀ pé ọwọ́ àgbà ló gbé e. Ọkọ́, àdá, ìwọ̀, abẹ, kò sí èyí tí kò rọ rí. Ohun tó sì wu ọkùnrin yìí jù láyé ni kí wọ́n gbé ohun tí kò rí rí wá fún un. Ó lè fi odidi àárọ̀ kan wo àgádágodo òyìnbó, kó máa yí i síwá sẹ́yìn, kó gbé e sétí, kó mì ín, kó wá bi í pé, "Ìwọ yìí, níbo lo gbà wọ ara rẹ?" Yóò máa bá a sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ títí yóò fi rí ojútùú rẹ̀, bí ẹni ń bá àlejò tí kò fẹ́ sọ orúkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ tó ń bá irin sọ yìí ni wọ́n fẹ́ fi mú un.

Ẹni tó fẹ́ mú un kì í ṣe ará ìta. Láṣebíkan ni, àbúrò rẹ̀ ọmọ bàbá. Láṣebíkan mọ irin rọ, mi ò ní pa irọ́ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ìdí ẹwìrì ló ti jókòó láti ọdún mọ́kànlélógún, tó ń fẹ́ iná tí ẹlòmíràn ń lò. Ìjókòó yẹn kò dùn fún ọkùnrin tó ti ní ọmọ-ọmọ. Àṣà ilé wọn ni pé ẹnì kan ṣoṣo ló ń dúró nídìí owú, ìyẹn irin ńlá tí wọ́n ń gbé iṣẹ́ lé lù. Ẹni náà kì í kúrò níbẹ̀ títí yóò fi kú, àfi bí orí rẹ̀ bá dàrú. Bí orí bá ti dàrú, Mọ́gàjí tó jẹ́ olórí ẹbí yóò kó gbogbo ilé jọ, yóò gba ọmọ owú lọ́wọ́ rẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn, wọn yóò wá mú un lọ sídìí ẹwìrì kó máa fẹ́ iná fún ẹni tó gba ipò rẹ̀. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí bàbá tó bí bàbá wọn. Ògúnrónbí kò ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ lọ́jọ́ náà, ó sì rántí bí arúgbó náà ṣe jókòó sídìí ẹwìrì, tó ń sunkún láìmọ̀ pé òun ń sunkún.

Láṣebíkan ti ń kó ẹ̀rí jọ láti ìgbà òjò. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ń bá irin sọ̀rọ̀, ó sì ń dúró de èsì. Ó ní ó fi orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ti kú kí ọ̀rẹ́ mìíràn tó wà láàyè. Ó ní ó wọ bàtà méjì tí kò bára mu lọ sí ìpàdé àdúgbò. Èmi tí mò ń sọ ìtàn yìí náà ti wọ bàtà tí kò bára mu lọ sí ìsìn òwúrọ̀ rí, kò sì sẹ́ni tó gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n ojú tó bá ń wá àṣìṣe kì í lọ kó bọ̀ lófo.

Èyí tó wá burú jù ni pé ẹ̀rù ti ń ba Ògúnrónbí fúnra rẹ̀. Nígbà mìíràn yóò wọ yàrá, yóò dúró láàárín ilé, kò ní mọ ohun tó bá wá. Bí ìyàwó rẹ̀ bá bi í, yóò ní òun ń wo àjà ni. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, Tíṣà Òjélàbí ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wọ àgbẹ̀dẹ. Ilé ìwé méjì ni ọkùnrin yìí ń bójú tó, ọ̀kan nínú ìlú, ọ̀kan ní abà kan tó jìn tó máìlì méje. Pẹ́dàlì kẹ̀kẹ́ náà, irin méjì tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ kí kẹ̀kẹ́ tó rìn, ti bàjẹ́ tán. Ọ̀kan ti tẹ̀, èkejì ti ṣẹ́ kù sí ààbọ̀. Tíṣà ti ra tuntun méjì ní ìlú ńlá, ó di wọ́n sínú bébà.

"Àrọ̀yè o, Baba!"

"Ògún a gbè ọ́, Tíṣà. Kí ló ṣe ẹṣin rẹ?"

"Ẹsẹ̀ ló ń dùn ún, Baba. Ẹ bá mi yọ àwọn ti àtijọ́ yìí, kí ẹ fi tuntun sí i. Láti ọjọ́ Ajé tó kọjá ni mo ti ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí abà. Àwọn ọmọ tilẹ̀ ti ń bá oorun lọ kí n tó dé."

Ògúnrónbí bẹ̀rẹ̀, ó wò ó. Òjò àti ẹrẹ̀ ti jẹ irin náà débi pé ó ti dógùn-ún pátápátá, ojú kò rí ibi tí pẹ́dàlì parí sí àti ibi tí apá irin tó gbé e dúró ti bẹ̀rẹ̀. Inú Baba dùn. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ẹ̀yin yìí ti di tọkọtaya."

Apá ọ̀tún ló kọ́kọ́ mú. Ó da kẹrosíìnì sí i, ó jẹ́ kó mu ún, ó wá fi sípánà gbá a mú, ó kọjú sí i, ó yí i sápá òsì. Ohun tó mọ̀ nìyẹn, ohun tí gbogbo ẹni tó ti fọwọ́ kan bóòtù rí mọ̀ nìyẹn: yí i sápá òsì, ó tú, yí i sápá ọ̀tún, ó dì. Irin náà ké lẹ́ẹ̀kan, ó sì gbọ́. Kí ẹni tó ń jẹ ẹ̀kọ tó jẹ ẹ́ tán, Baba ti yọ ti àtijọ́ jù sílẹ̀, ó ti fi tuntun sí i, ó sì ti ń fi ọwọ́ gbá a kó máa yí.

Tíṣà ní, "Baba, ẹ kú iṣẹ́!"

"Má tíì kí mi. Ó ku ìkejì."

Ó bọ́ sí apá òsì. Ó da kẹrosíìnì sí i, ó jẹ́ kó mu ún, ó fi sípánà gbá a mú, ó kọjú sí i, ó yí i sápá òsì. Kò mì. Ó tún yí i. Kò mì. Ó ní kí Tíṣà fi kẹ̀kẹ́ náà sílẹ̀ kó padà wá lọ́la, nítorí kẹrosíìnì kò tíì wọ inú rẹ̀ dáadáa.

Ọ̀la dé, ó di ìjà. Baba gbé àdín kaná, ó rọ ọ́ sí i. Ó fi ẹ̀yinná ká apá irin náà títí ó fi pọ́n, ó yí i sápá òsì, kò gbọ́. Ó fi páìpù gígùn bọ ẹ̀yìn sípánà kí agbára lè pọ̀ sí i, ó pe Láṣebíkan àti àwọn ọkùnrin méjì mìíràn, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́ sápá òsì. Sípánà ya ẹnu. Pẹ́dàlì wà níbi tó wà.

Ògúnrónbí jókòó sílẹ̀ nínú eérú. Ó tẹjú mọ́ irin náà, ó ní, "Ìwọ, kí ni mo ṣe fún ọ? Táyé ti jáde láti àná. Kí lo ń dúró ṣe nínú ilé?"

Àwọn ọkùnrin méjì náà wo ara wọn. Láṣebíkan kò wo ẹnikẹ́ni. Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó sì gba ilé Mọ́gàjí lọ tààrà.

Mọ́gàjí ilé wọn kì í ṣe ẹni tí ẹnu ẹlòmíràn ń tì síwá sẹ́yìn. Ó gbọ́ ti Láṣebíkan tán, ó ní, "Irin tó le kì í ṣe ẹ̀rí pé orí ẹni tó ń rọ ọ́ ti dàrú. Bí irin bá le mọ́ ọn lọ́wọ́, ó le mọ́ ọn lọ́wọ́ ni. Ṣùgbọ́n o ti mú ẹjọ́ yìí wá lẹ́ẹ̀mẹrin báyìí. Lọ́jọ́ Ẹtì, èmi àti ẹbí ń bọ̀ ní àgbẹ̀dẹ. Bí mo bá fi ojú ara mi rí i tó ń ṣe ohun tí ẹni orí rẹ̀ pé kì í ṣe, èmi fúnra mi ni n ó gba ọmọ owú lọ́wọ́ rẹ̀. Bí n kò bá rí i, má tún gbé ọ̀rọ̀ yìí wá sọ́dọ̀ mi mọ́ láéláé."

Wọ́n rán ẹnì kan sí Ògúnrónbí lọ́jọ́rú pé ẹbí ń bọ̀ wá kí i. Ìkíni wo ló ń kó ogún ènìyàn lẹ́yìn? Baba mọ ohun tí wọ́n ń bọ̀ wá wò. Ní gbogbo ọjọ́ náà, ọwọ́ rẹ̀ kò kan kẹ̀kẹ́. Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn ju ti Láṣebíkan lọ. Ó ti yọ ti apá ọ̀tún bí ẹni mu omi, ó ṣe ohun kan náà gan-an fún ti apá òsì, ó sì já sí asán. Àbí ohun kan wà tó ṣe lọ́jọ́ Ajé tó ti gbàgbé? Ó ka gbogbo ìgbésẹ̀ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó tún un kà, kò rí èyí tó yàtọ̀. Ó wá ń rò pé bóyá bí orí ṣe ń lọ nìyẹn, tí ẹni tó ni ín kò ní mọ̀.

Lọ́jọ́bọ̀, nígbà tí oòrùn ti là dáadáa, Àwẹ̀ró alókùn wá gba ọ̀bẹ rẹ̀. Opó ni Àwẹ̀ró, òun àti ìyá ọkọ rẹ̀ ni wọ́n jọ ń lọ́ okùn tí wọ́n fi ń so ẹran àti èyí tí àwọn adẹ́mu ń rà. Ọ̀bẹ yìí ló fi ń ha èèpo igi kó tó lọ́ ọ. Ọlọ́wọ́ òsì ni obìnrin náà. Nígbà tó wà lọ́mọdé, ìyá rẹ̀ fi ọ̀já di ọwọ́ òsì náà mọ́ ọn lára kó lè kọ́ ìwà. Ó kọ́ bí a ti ń fi ọ̀tún jẹun, ó kọ́ bí a ti ń fi ọ̀tún gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, ṣùgbọ́n bó bá di okùn lílọ́, ọ̀tún rẹ̀ kò mọ ohunkóhun, wọ́n sì fi í sílẹ̀.

Ó kúnlẹ̀ kí Baba. Baba kò gbọ́. Ó tún un kí, Baba ní, "Ọ̀bẹ rẹ? Ó wà níbì kan. Jókòó ná, n ó rántí."

Àwẹ̀ró jókòó. Ṣùgbọ́n ẹ mọ ọwọ́ ẹni tó ti ń lọ́ okùn láti kékeré, kì í lè dúró jẹ́ẹ́. Ó mú pẹ́dàlì àtijọ́ tí Baba yọ ní apá ọ̀tún, tó wà nílẹ̀ nítòsí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń yí ìdí rẹ̀ nínú ìka. Ó tún mú tuntun ti apá òsì tó ṣì wà nínú bébà, ó ń yí òun náà. Ó dúró. Ó gbé méjèèjì sí ara wọn, ó sún mọ́ ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà.

"Baba, ẹ jọ̀ọ́, ta ló lọ́ àwọn nǹkan yìí?"

"Lọ́ kí ni? Irin nìyẹn."

"Mo mọ̀ pé irin ni, Baba. Àwọn ìlà tó yí i lára níbi tó gbà wọlé yìí ni mò ń béèrè. Ọlọ́wọ́ ọ̀tún ló lọ́ èyí. Èyí, ẹni bí tèmi ni."

Baba kọ́kọ́ fẹ́ ní kó gbé e sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ṣàjèjì, ohun àjèjì kì í sì kọjá lójú rẹ̀. Ó na ọwọ́, ó gbà á, ó jáde síta lọ́dọ̀ oòrùn, nítorí ojú rẹ̀ kò rí nǹkan wínníwínní mọ́. Ó gbé méjèèjì dúró lóòró lórí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Lára ti apá ọ̀tún, àwọn ìlà náà ń gòkè lọ sápá ọ̀tún. Lára ti apá òsì, wọ́n ń gòkè lọ sápá òsì. Ó yí wọn po, ó fi ẹsẹ̀ wọn sókè, síbẹ̀ bákan náà ni. Láti ọjọ́ Ajé ni nǹkan yìí ti wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀, kò sì wò ó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ó ní, "Kí ni ìyẹn wá já sí?"

Àwẹ̀ró fa okùn méjì yọ láti inú apẹ̀rẹ̀ rẹ̀. "Èyí, ìyá ọkọ mi ló lọ́ ọ. Ẹ bá mi tú u."

Baba mú ìdí okùn náà, ó fi àtàǹpàkò yí i, okùn là, ó di fọ́nrán mẹ́ta.

"Ẹ tú èyí náà wàyí. Èmi ni mo lọ́ ọ."

Baba mú un, ó yí i bó ṣe yí ti àkọ́kọ́. Okùn kò là. Ó ń le sí i ni. Ó yí i síwájú sí i, okùn náà ká jọ, ó ta kókó, ó sì fún ìka rẹ̀ pọ̀.

Àwẹ̀ró rẹ́rìn-ín. "Ohun tí àwọn adẹ́mu fi ń bú mi nìyẹn, Baba. Bí ẹ bá ń tú tèmi bí ẹ ti ń tú ti ẹlòmíràn, ẹ̀ ń bá mi lọ́ ọ sí i ni. Ẹ dá a padà sódì, ẹ ó rí i."

Baba dá a padà sódì. Okùn náà là wẹ́rẹ́.

Baba wo okùn, ó wo pẹ́dàlì, ó wo kẹ̀kẹ́ tó fara ti ògiri. Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Àwẹ̀ró! Ọkùnrin mẹ́rin! Ọkùnrin mẹ́rin àti páìpù! A fi gbogbo agbára wa ń bá a dì í!"

Ó nu ojú, ohùn rẹ̀ wá wálẹ̀. "Ìyẹn ni pé kì í ṣe orí mi."

"Kí ló ṣe orí yín, Baba?"

"Wọ́n ní ó ti ń dàrú. Èmi náà ti fẹ́ gbà."

"Ẹni tí kò lọ́ okùn rí, báwo ló ṣe máa mọ̀? Ẹ̀yin náà ẹ bi mí bí wọ́n ti ń rọ àdá, kí ẹ wá wo wèrè." Àwẹ̀ró dìde. "Ṣùgbọ́n Baba, ojú okùn ni mo fi wò ó o. N kò mọ̀ bóyá irin ń ṣe bí okùn."

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn kò kúrò létí Baba. Ì bá ti gbìyànjú rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ṣùgbọ́n sípánà ti ya ẹnu, kò sì sí òmíràn. Ó mú irin abẹ́ ọkọ̀ àtijọ́ kan, ó fi gbogbo ọ̀sán náà rọ sípánà tuntun tó gùn tó apá ènìyàn. Bó ṣe ń rọ ọ́ ló ń ṣírò ọ̀rọ̀ náà. Bó bá yí pẹ́dàlì sápá òsì lójú ẹbí tí kò tú, wọn yóò ní irin ló le, kò sì sẹ́ni tí yóò gba owú lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí ìyẹn. Bó bá yí i sápá ọ̀tún tó sì tú, ó yege. Ṣùgbọ́n bó bá yí i sápá ọ̀tún tí kò tú ńkọ́? Wọn yóò rí àgbà alágbẹ̀dẹ tó fẹ́ tú nǹkan tó ń fi gbogbo agbára dì í. Ẹ̀rí tí Láṣebíkan ń wá láti ìgbà òjò nìyẹn. Nítorí kí ni yóò sì ṣe fi gbogbo ọlá rẹ̀ lé alókùn lọ́wọ́?

Ó ku ohun kan tí kò lè fi sílẹ̀. Ó fẹ́ mọ̀. Bó bá kọ̀ tí kò yí i sápá ọ̀tún, yóò kú láìmọ̀ bóyá irin ń ṣe bí okùn.

Ní ọjọ́ Ẹtì, kí ìrì tó gbẹ, ẹbí kún àgbẹ̀dẹ. Mọ́gàjí jókòó sórí àpótí, àwọn àgbà ilé jókòó yí i ká. Tíṣà Òjélàbí wà níbẹ̀, ẹrẹ̀ ọ̀nà abà ṣì wà ní bàtà rẹ̀. Àwẹ̀ró dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Láṣebíkan wà nídìí ẹwìrì, ṣùgbọ́n bùbá tó mọ́ ló wọ̀, kì í ṣe aṣọ iṣẹ́.

Mọ́gàjí ní, "Ògúnrónbí, a kí ọ o. Má dá wa lóhùn, máa bá iṣẹ́ rẹ lọ."

"Ẹ kú àárọ̀ o, Mọ́gàjí. Ẹ káàbọ̀."

Ó da kẹrosíìnì sí ìdí pẹ́dàlì náà. Ó gbé sípánà tuntun, ó fi gbá a mú, ó kọjú sí i. Ó gbàgbé pé àwọn ènìyàn ń wo òun, tàbí bóyá kò gbàgbé. Ó tẹ orí wálẹ̀ sọ́dọ̀ irin náà, ó ní, "Wọ́n ti sọ ẹni tó lọ́ ọ fún mi. Ó yá, jẹ́ ká lọ."

Ìkùnsínú dìde láàárín àwọn àgbà. Baba fi àyà lé sípánà, ó sì tẹ̀ ẹ́ sápá ọ̀tún.

Láṣebíkan fò dìde. "Mọ́gàjí! Ẹ rí i fúnra yín! Ọ̀tún ló ń yí i sí! Ta ni kò mọ̀ pé ọ̀tún ni ìdì? Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi sílẹ̀, ẹ fi sílẹ̀, ó tó!"

Tíṣà pàápàá kò lè pa á mọ́ra. "Baba, ẹ dákun, ẹ̀ ń dì í ni!"

Baba ń tẹ̀ ẹ́ lọ. Iṣan ọrùn rẹ̀ yọ, òógùn ń kán sílẹ̀ lágbọ̀n rẹ̀. Irin náà kò mì. Ó mí kanlẹ̀, ó tún ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé, ó tún tẹ̀ ẹ́, sápá ọ̀tún kan náà. Ìbànújẹ́ hàn lójú Mọ́gàjí. Ó dìde, ó rìn lọ sídìí owú, ó na ọwọ́ rẹ̀ láti gbé ọmọ owú. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà tó jókòó lápá ibẹ̀ mi orí, ó ní, "Ó ṣe o. Àgbà wa ti ya wè—"

Irin náà ké. Ó ké tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn adìyẹ tó wà lẹ́yìn ilé fi túká. Sípánà sáré lọ sápá ọ̀tún, Baba fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lé e. Ó gbé sípánà sílẹ̀. Ó fi ìka lásán mú pẹ́dàlì náà, ó ń yí i sápá ọ̀tún, díẹ̀díẹ̀, eruku ìdógùn-ún pupa ń dà sí i lẹ́sẹ̀, irin náà sì ń jáde bọ̀. Nígbà tó yọ tán, ó rìn lọ bá Mọ́gàjí, tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì nà sórí ọmọ owú. Ó gbé pẹ́dàlì náà sí ọwọ́ ọ̀hún.

Mọ́gàjí wò ó títí. "Báwo lo ṣe mọ̀?"

Kò sẹ́ni tó mọ ti Àwẹ̀ró nínú wọn. Bí Ògúnrónbí bá ní ọgbọ́n àwọn baba ńlá òun ni, wọn ì bá gbà á gbọ́, wọn ì bá sì fi oríkì kún un. Àwẹ̀ró kò ní jiyàn. Obìnrin náà ti ń múra láti lọ.

"N kò mọ̀, Mọ́gàjí," ni Ògúnrónbí wí. "Ọjọ́ méjì ni mo fi ń dì í. Àwẹ̀ró alókùn ló wò ó lẹ́ẹ̀kan tó sọ fún mi pé wọ́n lọ́ ọ sódì. Ọgbọ́n tirẹ̀ ni mo fi ṣe é. Ẹ pè é kó wá ṣàlàyé fún yín, èmi náà fẹ́ tún un gbọ́."

Wọ́n pè é. Ó fa okùn rẹ̀ yọ, ó ṣàlàyé, àwọn àgbà ń gba okùn lọ́wọ́ ara wọn, wọ́n ń tú u, ó ń ta kókó mọ́ wọn lọ́wọ́, wọ́n ń pariwo bí ọmọdé. Tíṣà bi í pé kí ló dé tí àwọn tó ṣe kẹ̀kẹ́ fi ṣe é bẹ́ẹ̀. Ó ní òun kò mọ̀, kí wọ́n lọ bi ẹni tó lọ́ ọ. Láṣebíkan nìkan ni kò gba okùn wò. Ó ti bọ́ bùbá rẹ̀, ó sì ti padà sídìí ẹwìrì. Ojú rẹ̀ wà nílẹ̀. Ògúnrónbí rí i, àánú rẹ̀ ṣe é, ó sì pè é pé kó wá fi pẹ́dàlì tuntun náà sí i fún Tíṣà. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mọ́kànlélógún, Láṣebíkan ṣe iṣẹ́ níwájú owú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dúró tì í.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ tú ká, Mọ́gàjí kọjú sí àgbà tí ọ̀rọ̀ kù sí lẹ́nu.

"Ìwọ, ọ̀rọ̀ kan kù lẹ́nu rẹ tí o kò parí. Kí lo fẹ́ pe Ògúnrónbí?"

Ọkùnrin náà ní, "Mọ́gàjí, kò tíì jáde."

"Kí ló dá a dúró?"

Ọkùnrin náà ronú, ó wo Àwẹ̀ró, ó wo okùn tó ṣì wà lọ́wọ́ ara rẹ̀. Ó ní, "Ọgbọ́n obìnrin yìí ni."

Mo mọ̀ pé ẹnì kan yóò dìde pé òwe tí mo fẹ́ fi parí ìtàn yìí ti pẹ́ ju kẹ̀kẹ́ lọ, pé bàbá-ńlá òun ti ń pa á. Èmi kò bá a jiyàn. Kó sọ tiwọn, kí n sọ tiwa. Ní Ìdógbà, ibi tí òwe náà ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Láti ọjọ́ náà, bí ẹnì kan níbẹ̀ bá fẹ́ fi ìgbéraga kọ etí ikún sí ẹni tó kéré sí i, tàbí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ yàtọ̀ sí tirẹ̀, wọn yóò rán an létí àgbà tó yí irin sápá ọ̀tún lójú gbogbo ẹbí. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé, ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè.